Samori Toure àti Ìkarahun Ọta Tí Wọ́n Ti Yìn

Orúkọ Samori Toure kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó nínú kíláàsì ìtàn Áfíríkà rí. Ohun tí púpọ̀ nínú wa sì máa ń rántí nípa rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: ó dá ìjọba ńlá sílẹ̀ ní apá òkè Odò Ọya, ó bá àwọn Faransé fà á fún ọdún 16, wọ́n sì mú un ní 1898. Mo fẹ́ tún ìtàn náà sọ láti ibi ohun kékeré kan tí a máa ń gbójú fò: ìkarahun idẹ tó máa ń bọ́ sílẹ̀ lófìfo nígbà tí wọ́n bá yin ìbọn tán. Lójú tèmi, inú ìkarahun yẹn ni a ti lè rí bí ọgbọ́n ọkùnrin náà ṣe pọ̀ tó, àti ibi tí ọgbọ́n náà pin sí.

Ọmọ Òjòkú ni mí, lẹ́bàá Ọ̀fà. Ní agbègbè wa, ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ kò ṣe é yà nípá. Ìbọn ṣakabùlà tí ọdẹ gbé kọ́ èjìká, alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́, òun náà ló sì ń bá a tún un ṣe bó bá bàjẹ́. Nítorí náà, nígbà tí mo kà á pé ọba ajagun kan wà tó gbé ìjọba rẹ̀ lé ọwọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ, ìtàn náà wọ̀ mí lára ju ti àwọn ọba yòókù lọ.

Ọmọ oníṣòwò tó di ológun

Ní nǹkan bí ọdún 1830 ni wọ́n bí Samori ní Manyambaladugu, ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Guinea lónìí. Ìdílé Dyula ni ìdílé rẹ̀, àwọn oníṣòwò tí ń ru ẹrù láti ìlú dé ìlú. Òwò ni òun náà fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ di ológun.

Ní 1853, àwọn ọmọ ogun ìdílé Cisse kó ìyá rẹ̀, Sokhona Kamara, lẹ́rú. Samori kò rówó rà á padà. Ó gbéra, ó lọ bá àwọn tó kó ìyá rẹ̀, ó sì fi ara rẹ̀ sílẹ̀ láti máa bá wọn jagun títí wọn yóò fi tú ìyá náà sílẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Mandinka sọ pé ọdún méje, oṣù méje àti ọjọ́ méje ló fi sìn wọ́n. A mọ̀ pé bí ìtàn ṣe máa ń ka ọjọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ ìràpadà yìí ló ti mọ bí a ṣe ń lo ìbọn, bí a ṣe ń kó ọmọ ogun jọ, àti bí a ṣe ń mú kí wọ́n gbọ́ràn.

Nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó dá ogun tirẹ̀ sílẹ̀. Ó fi Bissandugu ṣe olú-ìlú. Ìlú ń wọnú ìjọba rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kan nípa àdéhùn, àwọn kan nípa ogun. Ní 1881 ó gba Kankan, ìlú òwò tó lókìkí gidigidi ní agbègbè yẹn. Ní 1884 ó gba oyè Almami, oyè olórí Mùsùlùmí. Wúrà ilẹ̀ Bure wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, eyín erin náà kò wọ́n. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní sofa, mọ ìjà, wọ́n sì mọ ìlànà.

Ìbọn tí a ń ki láti ìdí

Ní 1882 ni ogun Samori àti ogun Faransé kọ́kọ́ pàdé, ní Keniera. Láti ìgbà yẹn ló ti hàn sí i pé ìbọn tí púpọ̀ nínú àwọn èèyàn rẹ̀ ń lò kò lè dúró níwájú ti àwọn àlejò yìí.

Ẹni tó bá mọ ṣakabùlà yóò yé e. Ẹnu ìbọn ni a ti ń da ẹ̀tù sí i, a ó fi ọ̀pá gún un, a ó ju òjé tàbí irin wẹ́wẹ́ sí i, a ó tún gún un, kí a tó wá ọ̀nà tí iná yóò fi ràn án. Kí ẹni tó yìn ín lẹ́ẹ̀kan tó tún un kì, ọ̀tá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìbọn tí Faransé gbé wá, ìdí ni wọ́n ti ń ki í. Ọta rẹ̀ ti pé nínú ara rẹ̀: ìkarahun idẹ ló di ẹ̀tù mọ́nú, òjé wà ní ẹnu rẹ̀, fìlà kékeré tó ń dáná wà ní ìdí rẹ̀. A ó ṣí ìdí ìbọn, a ó ti ọta bọ̀ ọ́, a ó tì í, a ó yìn.

Láti bíi 1885, Samori bẹ̀rẹ̀ sí í ra irú ìbọn yìí. Freetown ni ọ̀nà rẹ̀ dé òkun, níbi tí àwọn oníṣòwò wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó pọ̀ nínú ohun tó ń rà ni Gras, ìbọn tí Faransé ṣe ní 1874, tó ń gba ọta kan lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ló rí Kropatschek, tó ní ihò gígùn lábẹ́ ẹnu rẹ̀ tí ọta mélòó kan máa ń tò sí, tí a fi lè yìn ín léraléra. Ọta kan náà, oní-mìlímítà 11, ni ìbọn méjèèjì ń jẹ. Fún ẹni tó ní láti wá ọta fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbọn, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ohun tó fi ń ra ìbọn ni wúrà àti eyín erin. Ohun tó fi ń ra ẹṣin ni ènìyàn. Àwọn tó kó lẹ́rú nínú ogun ni wọ́n ń kó lọ sí ọ̀nà àríwá láti fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Ọkùnrin tó fi ọdún púpọ̀ ra ìyá rẹ̀ padà kúrò lóko ẹrú ló wá ń ta ìyá àwọn ẹlòmíràn. Mo ti rí àròkọ tí wọ́n fi ibi yìí sílẹ̀ nítorí pé akọni ni wọ́n ń kọ nípa rẹ̀. Kò yẹ kí a fi í sílẹ̀. Lára owó ogun yẹn ni.

Àgbẹ̀dẹ Almami

Ìbọn tí a rà máa ń bàjẹ́, ọta tí a rà máa ń tán. Samori kó alágbẹ̀dẹ jọ. Iye tí àwọn onímọ̀ ìtàn máa ń kọ ni pé wọ́n tó 300 sí 400 nígbà tí iṣẹ́ wọn gbóná, pé wọ́n ń rọ nǹkan bí ìbọn 12 lọ́sẹ̀, wọ́n sì ń ṣe ọta 200 sí 300 lójúmọ́. Wọn kò ní ẹ̀rọ ńlá kankan. Ẹwìrì, owú, ọmọ owú àti ayùn wẹ́wẹ́ ni. Wọ́n tú Gras, wọ́n tú Kropatschek, wọ́n wo egungun rẹ̀, wọ́n sì rọ irú rẹ̀ tó ń yìn. Àwọn ọ̀gágun Faransé tó rí ìbọn wọ̀nyí lẹ́yìn ogun kò rẹ́rìn-ín sí i.

Ọ̀rọ̀ ìbọn nìyẹn. Ti ọta ló ṣòro jù.

Mo gbé ọ̀rọ̀ ìkarahun idẹ lọ bá bàbá alágbẹ̀dẹ kan ní Òjòkú. Bàbá kò ṣe ọta ìbọn rí, kò sì gbọ́ orúkọ Samori rí, ṣùgbọ́n ó mọ idẹ bí ẹni mọ ọmọ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo bi í pé kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí idẹ tí a bá ń lù ní tútù. Ó ṣàlàyé pé ìwà idẹ yàtọ̀ sí ti irin ọ̀bẹ. Irin ọ̀bẹ tó gbóná, bí a bá rì í bọ omi, yóò le. Idẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lílù tàbí fífún ní tútù ló ń mú un le, bí a bá sì lù ú kọjá ibi tó lè gbà, yóò sán. Iná ló ń mú un rọ̀ padà. Alágbẹ̀dẹ tí kò bá mọ ìgbà tó yẹ kó dá idẹ padà sínú iná, àfọ́kù ni yóò máa kó.

Ẹ jẹ́ kí n so ọ̀rọ̀ bàbá mọ́ ti ọta. Nígbà tí a bá yìn, ẹ̀tù tó gbiná yóò fi agbára ti ìkarahun náà láti inú. Ìkarahun yóò wú, yóò lẹ̀ mọ́ ògiri ihò ìdí ìbọn, ìyẹn ni kò jẹ́ kí èéfín àti iná fẹ́ padà sójú ẹni tó ń yìn ín. Lẹ́yìn náà yóò sún kì díẹ̀, a ó sì lè fà á jáde. Ṣùgbọ́n kì í padà sí ìwọ̀n tó wà tẹ́lẹ̀ pátápátá. Bó ṣe wú ni yóò wà. Ẹni tó bá fẹ́ tún un lò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá a padà sí ìwọ̀n, kó tó fi fìlà tuntun sí ìdí rẹ̀, kó tó rọ ẹ̀tù sí i, kó tó fi òjé dí ẹnu rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọdẹ àti àwọn tó ń fi ìbọn ṣeré ìdárayá ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú ilé títí dòní. (Òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1959 kò fún aráàlú láyè láti ṣe ọta, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán an wò.) Móòdù irin líle kan wà tí ihò inú rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n tí ọta gbọ́dọ̀ ní. Wọ́n á yí móòdù yìí mọ́ orí ẹ̀rọ ìtẹ̀ tó ní ọwọ́ gígùn, wọ́n á gbé ìkarahun sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n á tẹ ọwọ́ ẹ̀rọ sílẹ̀, ìkarahun á wọnú móòdù, á fún padà. Ibi tí ọgbọ́n wà ni bí wọ́n ṣe ń yí móòdù náà sókè tàbí sísàlẹ̀. Bí wọn kò bá yí i wálẹ̀ tó, ìkarahun á ga jù, ìdí ìbọn kò ní tì. Bí wọ́n bá yí i wálẹ̀ jù, wọ́n á ti èjìká ọta náà sẹ́yìn jù, àyè á ṣẹ́ kù nínú ihò ìbọn. Nígbà tí wọ́n bá yìn ín, idẹ á nà láti dí àyè yẹn, bó bá sì nà ní ìgbà mélòó kan, á fà ya nítòsí ìdí. Nítorí náà, ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í wo ìwé nìkan. Á fi ìkarahun bọ inú ìbọn tirẹ̀ gan-an, á yí móòdù díẹ̀, á tún dán an wò, títí tí ìdí ìbọn yóò fi tì láìfipá.

Gbólóhùn tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni ìbọn tirẹ̀ gan-an. Ìbọn tí ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe, ihò ìdí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Ìbọn tí a fi ọwọ́ rọ kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ihò ìdí ti òní lè fi bíńtín gbòòrò ju ti àná lọ, kódà kó jẹ́ ọwọ́ alágbẹ̀dẹ kan náà ló ṣe é. Ìkarahun tó wú nínú ìbọn Lágbájá lè má wọ ti Tàmẹ̀dù. Ẹ wá ro ibi tí ogun bá ti parí, tí àwọn ọmọ ogun ń ṣa ìkarahun nínú koríko, tí wọ́n dà á pọ̀ sínú àpò kan, tí wọ́n gbé e wá fún alágbẹ̀dẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní láti dá padà sí ìwọ̀n tí gbogbo ìbọn lè gbà, èyí tí ọrùn rẹ̀ ti sán á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí a bá tún un lò, idẹ ń le sí i, ẹ̀mí rẹ̀ ń kúrú sí i.

Ẹ̀tù tí wọ́n ń ṣe fúnra wọn kò lágbára tó ti ilé-iṣẹ́ Yúróòpù, nítorí náà òjé wọn kì í lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Fìlà kékeré tó ń dáná ní ìdí ọta ló sì ṣòro ṣe jù nínú gbogbo ẹ̀yà rẹ̀, nítorí oògùn kẹ́míkà tó ń bú gbàmù ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ohun tí a lè fi ọmọ owú rọ.

Ìṣirò tí kò ṣe é sá fún

Nígbà tó fi máa di 1893, iye ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń kà mọ́ Samori lọ́wọ́ jẹ́ bíi 6,000. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Bí àgbẹ̀dẹ bá ń ṣe ọta 300 lójúmọ́, ogún ọjọ́ ni wọ́n máa fi ṣe ọta tí ìbọn 6,000 yóò yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ 200 ni, ọgbọ̀n ọjọ́ ni. Ìjà ọ̀sán kan lè jẹ iṣẹ́ oṣù púpọ̀. Kì í ṣe pé àwọn alágbẹ̀dẹ kò mọ iṣẹ́. Ọwọ́ ni wọ́n ń fi ṣe ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe lápá kejì.

Láàárín ìgbà náà, ìṣòro ń wọlé láti ilé àti láti ìta. Láàárín 1887 sí 1888, Samori dó ti Sikasso, ìlú Tieba Traore, fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò sì lè gbà á. Àwọn aráàlú tó ń fi tipátipá ru oúnjẹ lọ síbẹ̀ kú sọ́nà, ní 1888 ìlú púpọ̀ ṣọ̀tẹ̀ sí i. Ní oṣù Keje 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Brussels. Wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni, ṣùgbọ́n ó fòfin de títa ìbọn ìgbàlódé àti ọta rẹ̀ ní apá tó pọ̀ jù lọ ní Áfíríkà. Ọ̀nà Freetown bẹ̀rẹ̀ sí í há.

Ní 1891 Faransé gba Kankan. Ní oṣù Kìíní 1892 wọ́n wọ Bissandugu. Àwọn sofa jà gan-an lọ́dún yẹn, àwọn ọmọ ogun tó dáńgájíá jù sì ṣòfò púpọ̀. Láti ìgbà yẹn, Samori kó gbogbo ìjọba rẹ̀, èèyàn, màlúù àti alágbẹ̀dẹ, ó ṣí lọ sí ìlà-oòrùn, ó sì ń jó ohun gbogbo sẹ́yìn kí ọ̀tá má baà rí oúnjẹ jẹ. Dabakala, ní àríwá Côte d'Ivoire òde òní, ló di olú-ìlú rẹ̀ tuntun. Níbẹ̀ náà, ẹwìrì ń fẹ́.

Àwọn ará ilẹ̀ tó ṣí dé kò pè é wá. Wọ́n fara gbá a. Ní 1895 ó gba Kong, ìlú ìmọ̀ àti ìlú òwò, ní 1897 ó pa á run. Nínú ilé rẹ̀ pàápàá, ọmọ rẹ̀ Karamoko, ẹni tó ti lọ sí ilẹ̀ Faransé ní 1886 tó sì fojú ara rẹ̀ rí bí ohun ìjà wọn ti pọ̀ tó, wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ àlàáfíà. Ní 1894 ni bàbá rẹ̀ dájọ́ ikú fún un gẹ́gẹ́ bí ọ̀dàlẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ọmọ náà ti ṣe irú ìṣirò tí a ṣe lókè yìí, tí bàbá kò sì fẹ́ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún 1898 Sikasso ṣubú sọ́wọ́ Faransé. Samori forí lé ìwọ̀-oòrùn, síhà àwọn òkè tó wà nítòsí Liberia. Nínú igbó yẹn, ebi ni ọ̀tá tó pọ̀ jù. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 1898, ikọ̀ kékeré kan lábẹ́ ọ̀gágun Gouraud ká a mọ́ Guelemu láàárọ̀, wọ́n sì mú un. Wọ́n kó o lọ sí Gabon, sí Ndjole lórí odò Ogooue. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró ló pa á níbẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà 1900. Ní 1968, ìjọba Sekou Toure, tó pe ara rẹ̀ ní àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀, kó egungun rẹ̀ padà wá sí Conakry.

Ohun tí mo rí kọ́

Nínú ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa, àríyànjiyàn kan kì í tán. Àwọn kan gbà pé òyìnbó borí nítorí pé àwọn baba wa kò mọ iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn alágbẹ̀dẹ Almami ti já èyí. Àwọn kan tún gbà pé bí ìbọn bá ti pé lọ́wọ́ wa ni, kò sẹ́ni tó máa borí wa. Ìkarahun ọta ti já ìyẹn náà. Ìbọn lè pé lọ́wọ́ ẹni, kí ọ̀nà tí idẹ, fìlà ọta àti ẹ̀tù gbà ń wọlé wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

A kò ní láti lọ jìnnà kí a tó rí irú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1880 yẹn náà, ogun Kírìjì ń lọ lọ́wọ́, ogun Ìlọrin sì dó ti Ọ̀fà, níbi tí kò jìnnà sí ilé bàbá mi. Àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn tí a ń ki láti ìdí gbà nípasẹ̀ àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó, Ìbàdàn sì mọ̀ ọ́n lára. Ọ̀nà Èkó ló ń pín agbára fún wọn bí ọ̀nà Freetown ṣe ń pín in fún Samori. Nígbà tí ẹni tó ni ẹnubodè bá ti í, gbogbo wọn ni yóò máa ka ọta tó kù.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde wa tó ti di olùkọ́, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Bí ẹ bá dé orí Samori, ẹ má fi àwòrán rẹ̀ nìkan han àwọn ọmọ. Ẹ sọ iye alágbẹ̀dẹ fún wọn, ẹ sọ iye ọta, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ìṣirò náà fúnra wọn. Ẹ sì sọ iye tí àwọn ará Kong àti àwọn tí wọ́n fi gba ẹṣin san. Ọmọ tó bá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ yóò mọ̀ pé akọni ni ọkùnrin náà, yóò sì mọ ẹni tó jìyà rẹ̀. Yóò tún bèèrè lọ́wọ́ wa pé, nínú àwọn ohun tí à ń lò lónìí, èwo ni a mọ̀ ọ́n rọ, tó jẹ́ pé ìkarahun rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.